Hamburg Kò Jìnnà

"Ta ló sọ fún yín pé aago mẹ́wàá kọjá ogójì ìṣẹ́jú ni bàlúù yín máa balẹ̀?"

Ọlásúnkànmí kò gbójú sókè wo ìyàwó rẹ̀. Agbádá funfun ló ń lọ̀ lórí tábìlì ìjẹun, ibi ọrùn tí wọ́n kó iṣẹ́ sí ló sì kù fún un. Ẹni tó bá ti fi áyọ́ọ̀nù kan ọrùn agbádá rí mọ̀ pé kì í ṣe ibi tí èèyàn ti ń gbójú sókè.

"Èmi ni mo sọ fún ara mi," ó wá fèsì. "Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá la máa gbéra ní Stansted. Wákàtí kan ààbọ̀ ni ìrìn ọ̀hún. Rò ó pọ̀ kó o wò ó."

"Mo ti rò ó pọ̀. Àmọ́ aago méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n kọ síbí."

"Wọ́n ṣì í kọ ni."

"Àwọn tó ni bàlúù ló ṣì í kọ, Dádì Mìdé? Ẹ̀yin tẹ́ ò ní bàlúù lẹ wá mọ̀ ọ́n kọ?"

Àmọ̀kẹ́ gbé fóònù náà wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló gbé e fún un pé kó bá òun gba ìwé ìwọkọ̀ lórí rẹ̀, nítorí pé lẹ́tà tín-ín-tìn-tín kò bá ojú rẹ̀ ṣe ọ̀rẹ́ mọ́. "Jámánì lẹ ń lọ," ó ní. "Aago tiwọn fi wákàtí kan ṣíwájú tiwa. Bó bá di aago mẹ́wàá kọjá ogójì níhìn-ín ní Becontree, aago méjìlá ku ogún ti lù fún àwọn ará Hamburg."

Ọlásúnkànmí gbé áyọ́ọ̀nù náà nàró. Ó gba fóònù, ó fi gíláàsì rẹ̀ sójú, ó wo ohun tí wọ́n kọ. Ó yọ gíláàsì náà, ó fi etí bùbá nù ún, ó tún wò ó, bí ẹni pé ìdọ̀tí ló ń da nọ́ńbà náà rú. Nọ́ńbà kò yí padà.

"Súbúhánáláì," ó wí, ó sì jókòó.

Èèyàn lè bi í pé báwo ni awakọ̀ bọ́ọ̀sì ṣe lè ṣi odindi wákàtí kan kà. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ọkùnrin yìí ti ń wa bọ́ọ̀sì láti ibùdókọ̀ ojú irin Barking gba Ripple Road lọ sí àwọn ilé tuntun etí odò ní Riverside. Bó bá yá ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ̀rọ á sọ fún un pé kó dúró díẹ̀. Bó bá pẹ́, ẹ̀rọ náà á sọ. Kò pẹ́ dé ibi iṣẹ́ rí. Ṣùgbọ́n aago iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni, aago ilé ọ̀tọ̀ ni, lójú tirẹ̀.

Nígbà tí Basheerah, ọmọ rẹ̀ obìnrin, sọ ọjọ́ yìgì fún un, yàrá ìsinmi àwọn awakọ̀ ló wà. Ó tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù lójú ẹsẹ̀: láti Stansted dé Hamburg, báwo ló ṣe jìnnà tó? Fóònù ní kò tó ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin kìlómítà, pé wákàtí kan ààbọ̀ ni bàlúù máa lò lójú ọ̀run. Inú rẹ̀ dùn. Ó fi fóònù náà han Adédèjì, awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó ní Èkó sí Kánò jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Orí ìṣirò yẹn ló dúró lé tó fi ra tíkẹ́ẹ̀tì, kò sì wo aago ìbalẹ̀ tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Kí ni wọ́n fẹ́ sọ fún un tí fóònù kò tíì sọ?

"Aago mọ́kànlá ni yìgì, o ní o máa balẹ̀ ní mọ́kànlá ku ogún?" Adédèjì bi í lọ́jọ́ náà. "Ṣé kò ní há?"

"Ìwọ náà! Yìgì Yorùbá wo ló bẹ̀rẹ̀ lásìkò rí? Níhìn-ín ní Dagenham, bí wọ́n bá kọ aago méjìlá sára káàdì, ìyàwó ṣì ń wẹ̀ lọ́wọ́ ní aago kan ni."

Àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín, torí òótọ́ ni.

Ibi tó ti burú ni pé yìgì Basheerah kì í ṣe ti Dagenham. Mọ́sáláṣí àwọn ará Tọ́kì ni wọ́n gbà ní Hamburg. Aago mọ́kànlá sí méjìlá ni wọ́n fún wọn. Bó bá di aago méjìlá, ìyàwó mìíràn àti èrò tirẹ̀ ló máa wọlé. Láti pápákọ̀ òfuurufú dé mọ́sáláṣí náà, ìrìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni, ká tó sọ ti ìlà tí wọ́n ti ń wo ìwé ìrìnnà. Kí Ọlásúnkànmí tó dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á ti gbá ilẹ̀ fún ẹlòmíì.

Bàbá ìyàwó kì í ṣe àlejò níbi yìgì. Òun ni í fa ọmọ rẹ̀ fún ọkọ níwájú àlùfáà. Bí bàbá bá wà láyé, tí orí rẹ̀ pé, tó sì jẹ́ mùsùlùmí, àlùfáà kò ní so yìgì láìgbọ́ ohùn rẹ̀. Basheerah kò ní bàbá méjì tó lè ṣe é, ohun tí ẹ̀sìn sọ nìyẹn.

"Ẹ jẹ́ ká wá bàlúù tó yá ju èyí lọ," Àmọ̀kẹ́ wí. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò ti ojú fóònù sókè sódò. Bàlúù ìdájí ọjọ́ kejì ti kún. Èyí tó kù lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ náà, Heathrow ló ti máa gbéra, kò sì ju wákàtí kan àti ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ mọ́.

"Heathrow!" Ọlásúnkànmí mi orí. "Láti ibí dé Heathrow nírọ̀lẹ́ Friday, ó tó wákàtí kan ààbọ̀. Hamburg fúnra rẹ̀ rèé."

Òun fúnra rẹ̀ gbọ́ ohun tó sọ.

"Mo sọ fún yín pé kẹ́ ẹ lọ láti àná," Àmọ̀kẹ́ wí. Kò fi ìbínú sọ ọ́.

"Kí n lọ sùn nílé ta ni?"

Àmọ̀kẹ́ mọ "ilé ta ni". Ilé Tàjùdíìnì ni. Ṣẹ̀fíátù, ìyá Basheerah, ló jẹ́ ìyàwó Ọlásúnkànmí nígbà kan. Nígbà tí ilé àwọn méjèèjì dàrú, ó gbé ọmọ náà, tí kò tíì ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ, ó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Hamburg. Kò pẹ́ tó fi fẹ́ Tàjùdíìnì, ọmọ Ìkirè kan tó ń já ẹrù ọkọ̀ ojú omi ní èbúté wọn. Ọlásúnkànmí kò bá wọn jà. Ohun tó sọ fún gbogbo ẹni tó bi í ni pé Hamburg kò jìnnà, pé òun á máa lọ wo ọmọ òun nígbàkígbà tó bá wu òun.

Nígbàkígbà ni kò jẹ́ kó lọ. Ibi tó jìnnà, èèyàn á palẹ̀ mọ́ dè é, á tọrọ ààyè níbi iṣẹ́, á ra ẹ̀bùn. Ibi tó wà nítòsí, ọ̀la lèèyàn máa ń lọ. Ọlásúnkànmí ti lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó, ìlú rẹ̀, ju ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án lọ láàárín ogún ọdún tó tẹ̀ lé e, nínú oòrùn àti kòtò ọ̀nà. Hamburg, ẹ̀ẹ̀mejì péré. Ẹ̀kejì nínú rẹ̀ jẹ́ ìgbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ìfun fún Basheerah nígbà tó wà níléèwé girama. Wọ́n pè é lọ́jọ́ Monday, ó dé lọ́jọ́ Friday. Ọmọ ti kúrò ní ọsibítù. Tàjùdíìnì ló ṣílẹ̀kùn fún un, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ hun jọ, ojú rẹ̀ pọ́n, torí orí àga ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ ló ti ń sùn láti ọjọ́ yìí wá. Ọlásúnkànmí mi orí sí i, ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni Basheerah wá sí Becontree fúnra rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì yìí kan náà. "Dádì," ó ní, "Mọ́mì ní ẹ ò ní wá. Mo ní ẹ máa wá. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fà mí fún ọkọ mi. Ẹ má jẹ́ kí Mọ́mì fi mí rẹ́rìn-ín."

Ọlásúnkànmí fi Ọlọ́run búra fún un. Ọ̀rọ̀ yẹn ló jókòó sí i láyà báyìí bí èbà tí kò sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹ pè wọ́n," Àmọ̀kẹ́ wí. "Bó bá pẹ́ ju báyìí lọ, á dà bí ẹni pé ẹ mọ̀ tẹ́lẹ̀."

Ṣẹ̀fíátù ló gbé fóònù Basheerah. Ariwo abọ́ àti ti àwọn obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kún ẹ̀yìn rẹ̀.

"Bàbá Basheerah, ẹ káalẹ́. Ṣé ẹ ti ń palẹ̀ mọ́?"

"Mo ti ń palẹ̀ mọ́. Àmọ́ nǹkan kan ṣẹlẹ̀."

"Hẹ̀ẹ́n," Ṣẹ̀fíátù wí. Ó gùn, ó sì tutù.

Ọlásúnkànmí ṣàlàyé. Bó ṣe ń ṣàlàyé náà ló ń gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ọ̀hún ṣe rí létí ẹni tí kò gbà á gbọ́: aago tibí, aago tọ̀hún, fóònù sọ wákàtí kan ààbọ̀. Bóun bá jẹ́ Ṣẹ̀fíátù, òun náà kò ní gbà á gbọ́.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa bọ́ọ̀sì," Ṣẹ̀fíátù wí nígbà tó parí.

"Mo mọ̀."

"Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, Bàbá Basheerah. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọmọ yìí bẹ̀ yín níṣẹ́ láyé rẹ̀. Kò ní kẹ́ ẹ ra mọ́tò fóun. Kò ní kẹ́ ẹ sanwó gbọ̀ngàn. Ó ní kẹ́ ẹ wá jókòó kẹ́ ẹ sọ gbólóhùn kan lásán."

"Ṣé ẹ ò lè bẹ àwọn ará Tọ́kì yẹn kí wọ́n fún wa ní wákàtí kan sí i?"

"Ká lé ìyàwó oníyàwó dúró síta nítorí yín? Ẹ dúró, ẹ bá a sọ ọ́ fúnra yín. Èmi ò lè sọ ọ́ fún un."

Fóònù náà kọjá láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ọlásúnkànmí gbọ́ bí ilẹ̀kùn ṣe pa dé, ariwo sì lọ sílẹ̀.

"Dádì?" Ohùn Basheerah ni. "Ẹ máa pariwo díẹ̀, mi ò lè fọwọ́ kan fóònù. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lé làálì sí mi lọ́wọ́ méjèèjì, kò tíì gbẹ."

Ó tún un sọ fún un. Ní báyìí kò ṣàlàyé púpọ̀. Ó ní òun ṣi aago kà, pé aago méjìlá ku ogún lòun máa balẹ̀.

Basheerah kò sunkún. Ì bá sunkún ì bá sàn. "Oh," ó wí. "Okay." Lẹ́yìn náà ó tún ní, "So you're not coming."

"Mò ń bọ̀! Mo ní mo ṣi aago kà ni."

"Mo gbọ́, Dádì. Mi ò ní irọ́ ni." Ó mí kanlẹ̀. Fóònù náà ń ha nǹkan, bóyá yẹtí rẹ̀ ni. Ó wá sọ fún ẹnì kan, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ tí kò lo fún Ọlásúnkànmí rí, "Ẹ bá mi gbé e sókè díẹ̀, Dádì, ó ń yọ̀. Ẹ ṣeun."

Kò sí ẹni tó sọ fún Ọlásúnkànmí tẹ́lẹ̀ pé Dádì ló ń pe Tàjùdíìnì náà. Bó bá ń bá òun sọ̀rọ̀, "Bọ̀ọ̀dá Tàjù" ni Basheerah máa ń pe ọkùnrin yẹn. Ọmọ náà ti ń fi orúkọ méjì pe ẹnì kan láti kékeré kó má bàa dun òun. Ọkùnrin ọ̀hún rèé, ó dúró ti ọmọ, ó ń fi ọwọ́ rẹ̀ di fóònù mú sí i létí kó lè gbọ́ pé bàbá rẹ̀ kò ní dé. Ọlásúnkànmí jowú gidi.

"N ó pè yín padà," ó wí, ó sì pa fóònù.

Àmọ̀kẹ́ ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó yọ okùn áyọ́ọ̀nù lára ògiri kí ilé má bàa jóná lé wọn lórí.

"Ọ̀nà kan wà," ó wí. "Nígbà tí wọ́n ń so yìgì àbúrò mi ní Ìwó, bàbá wa ń ṣàìsàn, wọn ò lè dìde. Àlùfáà ní kí wọ́n fi ẹnì kan ṣe aṣojú. Orí fóònù ni wọ́n ti sọ ọ́. Yìgì náà so, wọ́n ti bímọ mẹ́ta."

"Ta ni n ó fi ṣe aṣojú? Mo ní ará kan ní Hamburg ni?"

Àmọ̀kẹ́ kàn ń wò ó.

"Rárá," Ọlásúnkànmí wí. "Má tilẹ̀ sọ ọ́. Kí n fi ẹnu ara mi sọ pé kí Tàjùdíìnì fa ọmọ mi fún ọkọ? Ó gba ìyàwó, ó gba ọmọ, kó wá gba ìyẹn náà mọ́ ọn?"

"Ẹ dáríjì mí, Dádì Mìdé. Kò gba ìyàwó yín. Ẹ ti kọ ara yín sílẹ̀ kó tó mọ̀ wọ́n. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi."

Ọlásúnkànmí dìde, ó lọ dúró lójú fèrèsé. Oòrùn ṣì wà. Ní òdìkejì òpópónà, ẹnì kan ń fi omi fọ ọkọ̀ níwájú ilé, ọ̀kan nínú àwọn ilé alásopọ̀ Becontree tó jọra wọn débi pé Ọlásúnkànmí ṣi ilẹ̀kùn ẹlòmíràn kàn ní oṣù àkọ́kọ́ tó kó dé. Ó ń wò ó láìrí i. Ohun tó ń dùn ún kì í ṣe Tàjùdíìnì, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. "So you're not coming" ló ń dùn ún. Kò ya ọmọ náà lẹ́nu. Ó wá sí Becontree láti fi hàn pé irọ́ ni ìyá rẹ̀ ń pa, ṣùgbọ́n nínú ikùn rẹ̀ ó ti múra sílẹ̀ pé bàbá òun kò ní wá.

Fóònù dún. Nọ́ńbà Jámánì ni, kò sì mọ̀ ọ́n.

"Àsàláámù àléékúmù, Ẹ̀gbọ́n. Tàjùdíìnì ni."

Láti ogún ọdún, wọn kò pe ara wọn rí.

"Wa àléékúmù sàláàmù," Ọlásúnkànmí fèsì.

"Ẹ má bínú pé mo pè. Mo ti jáde síta ni, kí àwọn obìnrin má bàa gbọ́. Mo ti bá àwọn ará Tọ́kì sọ̀rọ̀. Wọn ò lè sún aago ọ̀la, ẹni tó kàn lẹ́yìn wa náà ti pe èrò. Ṣùgbọ́n wọ́n ní àyè wà ní Sunday, ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Bẹ́ ẹ bá ní ká sún un, a ó sún un."

"Ẹ ti pa ẹran?"

"A ti pa á. Ẹ má ṣe dààmú, fíríjì wà."

"Àwọn ẹbí ọkọ ńkọ́?"

"Wọ́n ti dé láti Brussels. Wọn ò níṣòro, èèyàn dáadáa ni wọ́n." Tàjùdíìnì rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, èmi ni n ó sọ fún gbogbo wọn. N ó ní èmi ni mo ṣi ọjọ́ mọ́sáláṣí gbà. Kò sẹ́ni tó máa dárúkọ yín. Mo ti sọ fún ìyá Basheerah náà kó gbé ẹnu dákẹ́."

Ọ̀nà àbáyọ rèé. Kò ju kí Ọlásúnkànmí ní "ẹ ṣeun" lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, á bọ́ sílẹ̀ nínú bàlúù pẹ̀lú agbádá, wọn á dìde fún un, kò ní sí ẹni tó máa mọ̀. Àwọn ẹbí ọkọ á máa sọ pé ọkùnrin tó fẹ́ ìyá Basheerah ló da ọjọ́ rú. Wọ́n á máa fi ojú yẹn wò ó títí.

"Kí ló dé tí ìwọ fẹ́ gba ẹ̀bi ẹlẹ́bi rù?" ó bi í.

"Ọmọ ló ń ṣe mí láàánú, Ẹ̀gbọ́n. Àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ jókòó yí i ká nínú ilé níbẹ̀ yẹn. Mi ò fẹ́ kí wọ́n sọ lójú rẹ̀ pé bàbá rẹ̀ kò wá."

Ọlásúnkànmí rántí ṣẹ́ẹ̀tì tó hun jọ yẹn, ó rántí bí òun ṣe gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìní "ẹ kú ìtọ́jú ọmọ". Ojú tì í. Ojú tì í gan-an ni, ju bí ọ̀rọ̀ Ṣẹ̀fíátù ṣe tì í lójú lọ.

"Kí ni Basheerah fúnra rẹ̀ wí?"

"Ó ní ohun tẹ́ ẹ bá fọwọ́ sí ni."

"Àlùfáà tó máa so yìgì ńkọ́, níbo ló wà?"

"Ó wà ní pálọ̀ wa. Ó ń jẹun lọ́wọ́."

"Bó bá jẹun tán, pè mí padà, kí n lè rí ojú yín. Wá ẹlẹ́rìí méjì jókòó, kó jẹ́ àwọn tó mọ ohun tí wọ́n ń gbọ́. Kí Basheerah wà níbẹ̀. Kí ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀."

"Nítorí kí ni, Ẹ̀gbọ́n?"

"Ìwọ sáà wá wọn ná."

Nígbà tí wọ́n pè padà, Ọlásúnkànmí ti ṣe àlùwàlá, ó ti dé fìlà. Àmọ̀kẹ́ gbé fóònù ti ìgò omi lórí tábìlì kó lè dúró. Pálọ̀ tó kún ni wọ́n rí: àlùfáà tó jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin tó fi àwòjú sójú, ó ń fi tísù nu ìka, àwọn ọkùnrin méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Ṣẹ̀fíátù lẹ́yìn àga, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà. Basheerah jókòó sílẹ̀, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì sórí orúnkún bí ẹni tó fẹ́ ṣàdúà. Tàjùdíìnì dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Irun rẹ̀ ti funfun. Ọlásúnkànmí kò mọ̀ pé ó ti funfun.

"Basheerah," ó wí.

"Ẹ̀ẹ̀n, Dádì."

"Èmi ni mo ṣe ohun tí kò dáa. Kì í ṣe bàlúù, kì í ṣe fóònù. Bí mo bá ti wá lánàá, bí èèyàn tó ní ọmọ ṣe ń ṣe, aago kankan kì bá tí já mi kulẹ̀. A ò ní sún yìgì rẹ. Lọ́la, aago mọ́kànlá, wọ́n á so ó. Mo ṣì ń bọ̀ o. Wọ́n á ti so ó tán kí n tó dé. N ó bá yín níbi oúnjẹ, ibi tẹ́ ẹ bá rí fi mí sí ni n ó jókòó sí."

Basheerah ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì. Kò lè fọwọ́ nu ojú nítorí làálì, torí náà ó jẹ́ kí omi náà máa ṣàn. "Ẹ ṣáà wá," ó wí.

Ọlásúnkànmí kọjú sí àlùfáà. Ó sọ ọ́ bí Àmọ̀kẹ́ ṣe ní bàbá àwọn ṣe sọ ọ́ ní Ìwó. "Èmi Ọlásúnkànmí, ọmọ Sálíù, ará Ìjẹ̀bú-Igbó, tí mo bí Basheerah. Mo fi Tàjùdíìnì tó dúró síbẹ̀ yẹn ṣe aṣojú mi. Kó fa ọmọ náà fún ọkọ rẹ̀ lọ́la ní orúkọ mi. Ohun tó bá fọwọ́ sí, èmi ni mo fọwọ́ sí i."

Ṣẹ̀fíátù tú ọwọ́ tó ká mọ́ àyà sílẹ̀. Àlùfáà ti àwòjú rẹ̀ sókè, ó sún mọ́ fóònù, torí pé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ní bí wọ́n ṣe ń bi í.

"Alàgbà, mo gbọ́dọ̀ bi yín kí àwọn ẹlẹ́rìí gbọ́. Ṣé ẹ̀yin fúnra yín lẹ fẹ́ bẹ́ẹ̀? Ṣé kò sẹ́ni tó fipá mú yín?"

"Kò sẹ́ni tó fipá mú mi," Ọlásúnkànmí wí. "Ọkùnrin yìí ti ń ṣe é láti ogún ọdún. Òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un láṣẹ."

Àlùfáà bi àwọn ẹlẹ́rìí bóyá wọ́n gbọ́. Ọ̀kan ní òun gbọ́, èkejì ní òun gbọ́. Ó wá yíjú sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn, ó bi Tàjùdíìnì bóyá ó gbà á. Tàjùdíìnì wúkọ́, ó wo ilẹ̀, ó tún wúkọ́, gbogbo wọn sì dúró dè é.

"Mo gbà á, Ẹ̀gbọ́n," ó wí.